Àyẹ̀wò ojú oníkọ̀ǹpútà ní Akúrẹ́: ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Láti Ọjà Ọba títí dé Alágbàkà, pátákó àyẹ̀wò ojú oníkọ̀ǹpútà kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí: ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò, awò nìkan lẹ ó sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan pàtó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sáré gbà bí ojú wọn bá dédé yí padà.

Autorefractor lorúkọ ẹ̀rọ náà. Wàá gbé àgbọ̀n lé e, wàá fi iwájú orí tì í, wàá sì máa wo àwòrán bálúùnù tàbí ilé kan ní òpin ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ kan tí o kò rí á wọnú ẹyinjú, á kan ẹ̀yìn rẹ̀, á padà, ẹ̀rọ á sì ṣírò bí ojú ṣe tẹ̀ ẹ́. Bébà kékeré ló máa tẹ̀ jáde. R ni ọ̀tún, L ni òsì. SPH ni agbára awò. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni kò hàn. CYL àti AX jẹ́ ti ojú tí iwájú rẹ̀ kò rí roboto. Fún akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí kò rí pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún la fún iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá tún fi awò ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá gé awò látinú bébà nìkan ti gé iṣẹ́ kúrú. Ti ẹni tó ti lé lógójì ọdún tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ẹ̀rọ náà kì í wọn ìyẹn rárá. Ìwé kíkà ni wọ́n fi ń wá a.

Fún ojú tó yí padà lójijì, kò gba ju máàkì kan lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú ẹyinjú nìkan ló ń wọ̀n. Ìríran kò parí síbẹ̀. Iṣan ìríran gba ẹ̀yìn ojú jáde, àwọn iṣan méjèèjì pàdé nísàlẹ̀ ọpọlọ, wọ́n pín ara wọn, wọ́n sì lọ parí sí ọpọlọ apá ìpàkọ́. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ìpàkọ́ tiwa gan-an ló ń bá wa ríran. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, iye tó wà lórí bébà kò ní yí padà.

Ẹ wo ẹni tí stroke kọ lù ní ìpàkọ́ apá ọ̀tún. Ohun tó wà lápá òsì rẹ̀ kò hàn sí i mọ́: ó ń fi èjìká òsì gbá ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ìdajì oúnjẹ nínú àwo. Yóò sọ pé "ojú òsì mi ti lọ." Ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan, tàbí kí wọ́n ta awò tuntun fún un. Ìdánwò tó tú àṣírí rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀: fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, wo iwájú gan-an, kí ẹlòmíràn na ìka sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà bo ojú kejì. Bí apá kan náà bá sọnù nínú ojú méjèèjì, ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kò kọjá wákàtí 4 àbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó fún un. Ẹ má fún un ní Aspirin nílé, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú ọpọlọ.

Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni èyí tó lọ tó sì padà. Ojú kan á ṣókùnkùn bí ẹni fa kọ́tìnì sílẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á là. Nígbà tó bá fi dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti ń ka ìlà tó kéré jù lórí pátákó. Èérún ẹ̀jẹ̀ dídì láti inú iṣan ọrùn ló sábà ń fà á, ìkìlọ̀ stroke sì ni. Bí ẹni náà bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àgbọ̀n ń ro ó bó ṣe ń jẹun, tí awọ orí ń dùn ún bó ṣe ń ya irun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ orí ló lè wú. Ojú kejì lè bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Túúlu yàtọ̀. Ìlà wọ́rọkọ-wọ́rọkọ tó ń tàn yòò á bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, á máa gbòòrò, á lo ìṣẹ́jú 5 sí 60, ojú méjèèjì ló ń rí i, kódà bí o bá dijú. Orí fífọ́ a tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn kì í tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ló kọ́kọ́ yọjú, tàbí tí ahọ́n wúwo tàbí apá rọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má pè é ní túúlu.

Ẹni tí nǹkan di méjì-méjì lójú rẹ̀, kó bo ojú kan. Bí ó bá di ọ̀kan, iṣan tó ń yí ẹyinjú ló sábà ní àléébù. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà á. Bí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí ọmọ ojú fẹ̀, tí orí sì ń fọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti lè wú nínú orí: pàjáwìrì ni. Bí ó bá ṣì jẹ́ méjì nígbà tí ojú kan ṣoṣo là, ẹyinjú yẹn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa wo orí iṣan ìríran lẹ́yìn ẹyinjú, bóyá ó wú. Ẹ̀rọ oníbébà kò débẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ má gbàgbé ọtí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015 ní Ọ̀de-Ìrèlè, orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Methanol, irú ọtí olóró kan, nínú ògógóró ni àyẹ̀wò padà tọ́ka sí. Ó ń pa iṣan ìríran, ó sì sábà máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kó tó hàn.

Ṣọ́ọ̀bù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bi ọ́ léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ. Á fún ọ ní páálí tó ní ihò kékeré bíi mìlímítà kan láti fi ka pátákó: bí lẹ́tà bá hàn sí i, awò lè ṣe é, bí kò bá hàn sí i, ìṣòro náà lè ju awò lọ. Á tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, á gbé e sí èkejì. Ọmọ ojú tó bá ń fẹ̀ dípò kó súnkì, iṣan rẹ̀ kò pé. Ìdérí ìgò Coke pàápàá wúlò: bí pupa rẹ̀ bá ṣá lójú kan, tí ojú náà sì ń dùn bó ṣe ń yí, iṣan ìríran ló sábà ń wú. Á tún wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á sì fi lẹ́tà rán ọ lọ láì ta férémù. Irú wọn wà, wọn kò kàn pọ̀ ni.

Ohun tó mú un gba máàkì kan yẹn nìyí: bí SPH bá yí padà gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ti ga. Ẹ wọn ṣúgà ná, ẹ má tíì ra awò, torí iye náà á tún yí bí ṣúgà bá wálẹ̀.

Ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà ní Akúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) sì wà ní Ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn sọ pé "ojú ń yọ mí lẹ́nu", wọ́n lè tò yín sí ìlà àwọn aláwò. Ẹ sọ aago tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ojú kan ni tàbí méjì, àti bó ṣe pẹ́ tó. Bébà ẹ̀rọ yẹn náà, ẹ mú un dání pẹ̀lú awò àtijọ́: bí iye méjèèjì bá dọ́gba, dókítà á tètè mọ̀ pé kì í ṣe awò lẹ nílò.