Ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lo ẹ̀rọ DSC fún oògùn: ibi tó ti dára, ibi tó ti fẹ́ ṣì mí lọ́nà

Ẹ̀rọ DSC máa ń wọn ooru tí oògùn ń gbà tàbí tí ó ń tú sílẹ̀ bí a bá ń mú un gbóná díẹ̀díẹ̀. Òun ni mo fi ń mọ irú ìrísí tí lẹ́búlẹ́bú oògùn wà, torí oògùn kan náà lè dì ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí èyí tètè yọ́ nínú omi, kí tọ̀hún má yọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ritonavir, oògùn HIV, jáde ní 1996. Nígbà tó di 1998, ìrísí mìíràn tí kì í yọ́ bíi ti àkọ́kọ́ yọjú nínú rẹ̀, ni wọ́n bá kó kápúsù náà kúrò lórí igbá.

Miligíráàmù mẹ́ta péré ti tó ẹ̀rọ yìí. Ẹ bù ú sínú abọ́ alumíníọ̀mù pínníṣín, ẹ dé e, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ òfìfo, kí náítírójìn máa fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, èsì ti jáde.

Carbamazepine, oògùn wárápá, ló jẹ́ kí n mọyì rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ mi ní sùúrù. Mo fi Form III, ọ̀kan nínú àwọn ìrísí oògùn náà, sínú ẹ̀rọ, mo ní kí ooru máa fi 10 °C gòkè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí 175 °C, ìlà tí ẹ̀rọ ń fà láti fi ooru hàn rì: oògùn ń yọ́. Kò pẹ́ tó tún fi gbéra sókè, èyí tó ti yọ́ ń padà dì, ó ń di Form I, ìrísí mìíràn. Nígbà tó di nǹkan bí 190 °C, ó tún rì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrísí méjì ló wà nínú abọ́ náà látilẹ̀. Àṣìṣe ni. Ìgbà tí mo mú ooru náà yára sí i, tí àyè àtipadà dì kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, rírì kejì dín kù. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ sí èsì tí a fi eré kan ṣoṣo rí.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń rí ooru, kò rí ohun tó fà á. Bí omi bá ń jáde lára carbamazepine dihydrate, ìyẹn èyí tó dì pọ̀ mọ́ omi, ìlà náà á rì bí ẹni pé oògùn ń yọ́. TGA, ẹ̀rọ mìíràn tó ń wọn ìwúwo, ló máa ń là á: ìwúwo náà á fi bí 13% dín kù, omi ló lọ yẹn. Nítorí náà, bí agbára yín bá ká a, ẹ ra méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti lu ihò sí ideri. Mo dé ọ̀kan pa nígbà kan, ó bẹ́, ọjọ́ méjì ni mo fi nu inú ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, indium, irin tí mo fi ń yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó péye, ni mo kọ́kọ́ ń gbé wọlé. 156.6 °C ló gbọ́dọ̀ yọ́. Form II ti paracetamol ń yọ́ ní nǹkan bí 157 °C, Form I ní nǹkan bí 170 °C; bí indium bá ti yẹsẹ̀, n kì í fọwọ́ kan paracetamol lọ́jọ́ náà.