Marshall mi láti 6550 sí EL34: wọ́n gbowó iṣẹ́, túùbù lásán ni wọ́n pààrọ̀

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ kàn yọ túùbù 6550 nínú amplifáyà gìtá, kí ẹ ki túùbù EL34 bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa ta gìtá yín lọ, ẹ sá fún un. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an nìyẹn ní ilé ìtúnṣe kan níbí ní Houston, wọ́n sì já rìsíìtì lé mi lọ́wọ́ pé iṣẹ́ ìyípadà ti parí.

Amplifáyà Marshall JCM800 2204 ni tèmi, 50 wáàtì, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó wọ Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1980. EL34 ni wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ àwọn tó ń tà á níbí fẹ́ túùbù tó lè fara da wàhálà, ni wọ́n bá ń fi 6550 sí i. Ohùn 6550 mọ́ kedere, ó mọ́ jù fún mi. Èmi ń fẹ́ kó máa ha díẹ̀ tí mo bá tẹ okùn le.

Mo gbé e délé, mo tan án. Irú ohùn wo rèé? Ó tín-ín-rín, ó gbẹ. Tí mo bá rọra ta okùn, á máa fọ́ wẹ́wẹ́, á wá kú. Mo tú chassis rẹ̀, ìyẹn férémù irin tó gbé wáyà inú rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì túùbù (ẹ má fọwọ́ kan inú rẹ̀ o, iná tó kù nínú capacitor, ohun tó ń kó iná pamọ́, lè pa èèyàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ plọ́ọ̀gì). Ẹsẹ̀ 1 dá wà, kò sí wáyà tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ 8. Eruku ọjọ́ pípẹ́ ṣì wà lórí lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀.

Mo padà síbẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Túùbù lo ní ká pààrọ̀, a ti pààrọ̀ ẹ̀." Inú bí mi débi pé Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi bú u. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ò sí. Ni ohùn kan bá dáhùn látẹ̀yìn pé, "Mo wà ńbí."

Bàbá kan jáde, orí wọn funfun báláú. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n wo ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n mirí, wọ́n fún mi ní àga pé kí n jókòó wòran. Wọ́n fa iná inú capacitor dànù, wọ́n fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n fi wáyà kúkurú jó ẹsẹ̀ 1 pọ̀ mọ́ 8: nínú 6550, ẹsẹ̀ 1 ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ suppressor grid (àwọ̀n wáyà kan nínú túùbù) ló jẹ́ nínú EL34, kò sì gbọdọ̀ dá wà. Resistor (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) 150k tó wà ní grid, ibi tí ohùn ń gbà wọ túùbù, di 220k. Wọ́n pààrọ̀ resistor ti bias náà (bias ni fólítì òdì tó ń pinnu iye iná tó ń gba inú túùbù kọjá), torí fólítì òdì tí 6550 ń fẹ́ pọ̀ ju ti EL34 lọ. Òun ló fún túùbù mi lọ́rùn látàná. Wọ́n wá tan án, wọ́n ń yí bias díẹ̀díẹ̀, ojú wọn ò kúrò lára mítà: 20, 28, 33. Wọ́n dúró ní 35 milliamp, plate (ibi tí iná ń dé sí nínú túùbù) wà ní 450 fólítì. Ìyẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó wáàtì 16, EL34 sì lè gbé 25.

Mo béèrè bóyá transformer á lè gbé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fílámẹ́ǹtì 6550, wáyà tó ń mú túùbù gbóná, ń jẹ ampere 1.6, ti EL34 jẹ́ 1.5. Ẹni tó bá fẹ́ ki EL34 bọ amplifáyà tó ń lo túùbù kékeré 6V6 ni kó ṣọ́ra, 0.45 péré ni ti 6V6.

Mo ta kọ́ọ̀dù E kan ṣoṣo. Háà! Ohùn náà ń ha bí ohùn àgbà onífújì láàárọ̀ ọjọ́ kejì àríyá. Bàbá ò gba kọ́bọ̀ lé e.

Àmọ́ 6550 mi àtijọ́ dà? Ọmọ káńtà ní àwọn ti dà á nù. Túùbù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tówó ẹ̀ wọ́n báyìí! Wọ́n tún ha igun àpótí mi, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, bàbá ni kẹ́ ẹ béèrè. Èmi náà ń gbé Fender mi lọ bá wọn lóṣù tó ń bọ̀.