Ilé ìpẹja kan ní Andros: atukọ̀ wọn kò lẹ́gbẹ́, ọ́fíìsì wọn ló bí mi nínú

Rédíò ọkọ̀ ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. North Bight la wà, ní erékùṣù Andros ní Bahamas, èmi àti bàbá tó ń fi ọ̀pá tukọ̀ fún mi. Omi ti fà lọ látàárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kún padà wọ ìdí igi ẹ̀gbà. Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ lépa ẹja tí wọ́n ń pè ní bonefish rí mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an là ń torí rẹ̀ náwó: ẹja á bá omi tuntun gun orí iyanrìn, á dorí kodò wá akàn àti edé, ìrù rẹ̀ á yọ síta, á máa dán yinrin bíi fàdákà. Agbo kan dojú kọ wá. Mo ti tú okùn sílẹ̀. Ni rédíò bá ké: "Ẹ dá ọkọ̀ padà sí èbúté. Àkókò àlejò ti pé."

Agogo mẹ́ta ló lù. Ìwé tí mo fi sanwó sọ pé wákàtí 8 lórí omi, láti agogo méje. Agogo méje kò tíì lù tí mo ti wà ní èbúté. Epo ni kò sí nínú ọkọ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wà. Nígbà tó fi máa dé, tó fi máa wọn epo tán, agogo mẹ́jọ ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò tilẹ̀ kí wa kú ìdúró.

Bàbá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé epo ló dá wa dúró. Ọ́fíìsì ní àlejò mìíràn máa lo ọkọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá gbé rédíò sílẹ̀, wọ́n wo ẹja, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, agogo mọ́kànlá, ẹsẹ̀ bàtà 40. Jù ú."

Ojú agogo la fi ń júwe ọ̀nà: iwájú ọkọ̀ ni méjìlá, mọ́kànlá wà lápá òsì rẹ̀ díẹ̀. Mi ò tíì rí nǹkan kan níbẹ̀. Òjìji lórí iyanrìn ni bàbá ń wò, wọn kì í wá ẹja fúnra rẹ̀. Mo ju ìdẹ síbi tí wọ́n nawọ́ sí, Crazy Charlie aláwọ̀ osùn, ìdẹ tó gba orúkọ lára Charlie Smith, atukọ̀ ọmọ Andros. "Jẹ́ kó rì. Fà á díẹ̀. Dúró. Fà á. Má gbé ọ̀pá ìpẹja sókè o, okùn ni kí o fà!" Okùn le gbagidi. Ẹja náà gba ojú omi lọ tí kẹ̀kẹ́ okùn ń han, ó gba gbogbo okùn ìjù, ó wọnú okùn tín-ín-rín tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tún ń lọ. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Nígbà tó sún mọ́ wa, bàbá kò jẹ́ kí n gbé e jáde fún fọ́tò. Inú omi ni wọ́n ti yọ ìwọ̀, wọ́n dì í mú títí ó fi lè wẹ̀ dáadáa, nítorí ẹja tó bá ti rẹ̀ ni ekurá ń dúró dè. Owó èésú ni bàbá fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tiwọn nílé. Wọ́n ń dá èésú níbẹ̀ bíi tiwa.

Ní èbúté, mo béèrè ẹ̀tọ́ mi. Arábìnrin tó ń gbàlejò ní wákàtí bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àlejò bá ti dé èbúté. Mo fi ìwé hàn án: "lórí omi" ló wà níbẹ̀. Ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá kò jókòó, kò ka ìwé, ó ní kí wọ́n fún mi ní fìlà tí orúkọ ilé náà wà lára rẹ̀. Mo dá fìlà padà fún un.

Yàrá mọ́, ọbẹ̀ conch (ìgbín òkun) wọn dùn, ọ̀pá tí wọ́n fi ń yáni dára.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Bàbá ló ni gbogbo ìràwọ̀ náà, mi ò sì ní jẹ́ kí ìwà ọ́fíìsì ba orúkọ wọn jẹ́. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ní àgbà atukọ̀ ibẹ̀ lẹ fẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó sanwó. Wákàtí mi kan àti ogún ìṣẹ́jú ṣì wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì.