Holder àbí Pollard: ọ̀nà ta ló dáa jù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo kríkẹ́ẹ̀tì West Indies, ẹgbẹ́ táwọn erékùṣù Caribbean jọ ní, ẹ gbọ́ tèmi o. Jason Holder ọmọ Barbados àti Kieron Pollard ọmọ Trinidad, àwọn méjèèjì ló mọ bọ́ọ̀lù gbá tí wọ́n tún mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ò jọra rárá. Pollard ò gbá Test, ìyẹn kríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún, fún West Indies rí, T20 tó máa ń parí láàárín wákàtí díẹ̀ ló gbájú mọ́, Mumbai Indians ló wà láti 2010 títí di 2022, ife IPL, líìgì T20 ti India, márùn-ún ló bá wọn gbà, owó ńlá sì ni wọ́n ń san níbẹ̀, mi ò lè bá a wí. Ní March 2021 ní Antigua, Dananjaya tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Sri Lanka ṣẹ̀ṣẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù West Indies mẹ́ta jáde tẹ̀léra wọn ni, Pollard wá gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jù lẹ́yìn ìyẹn síta, síìsì mẹ́fà gbáko (síìsì ni kí bọ́ọ̀lù fò kọjá ààlà pápá, rọ́ọ̀nù mẹ́fà, ìyẹn àmì mẹ́fà, ni)!

Ṣùgbọ́n ti Holder ló wọ̀ mí lára jù. January 2019 ní Bridgetown, nínú Test kan, ipò kẹjọ nínú àwọn tó ń gbá ló ti wọlé, ó kó rọ́ọ̀nù 202 wọn ò sì rí i lé jáde, òun àti Dowrich tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ jọ kó 295, West Indies wá fi rọ́ọ̀nù 381 na England. Kò sáàyè irú ẹ̀ nínú T20 láéláé. Ìgbà tí 2023 ń parí lọ tí Holder náà wá kọ̀ láti gba kọ́ńtíráàtì bọ́ọ̀dù kríkẹ́ẹ̀tì West Indies nítorí àwọn líìgì T20 yẹn, ó dùn mí gan-an, àfìgbà tó tún padà wá gbá Test ní 2024 lọ́kàn mi tó balẹ̀.