Meta Quest 2 àlòkù fún wíwa bàálù lórí kọ̀ǹpútà: ó ṣì dára, àmọ́ ẹ tún un tò

Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú bàálù kékeré Cessna 172 láì kúrò ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin, Meta Quest 2 àlòkù ṣì ni gíláàsì VR (èyí tí a ń gbé sójú bí ẹni pé a wà nínú eré) tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ sì pé. Ọdún 2020 ló jáde, wọn ò sì ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n Quest 3S tó jáde ní 2024 gan-an kò ríran jù ú lọ: píksẹ́ẹ̀lì 1832 sí 1920 ló wà fún ojú kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, irú lẹ́ǹsì kan náà sì ni. Quest 3 ló ju àwọn méjèèjì lọ, owó rẹ̀ náà sì jù wọ́n lọ. Ohun tó ń kó àbùkù bá Quest 2 ni pé àwọn tó rà á máa ń so ó mọ́ eré wíwa bàálù Microsoft Flight Simulator, wọ́n á gbé gbogbo nǹkan sí Ultra (ìpele àwòrán tó ga jù), òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á wá ní gíláàsì ò dáa.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé e sójú, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú tàbí àwọ̀ ìyeyè wà níbì kan lójú sikirini. Oòrùn tó gba inú lẹ́ǹsì wọlé ló máa ń jó o bẹ́ẹ̀, kò sì ní àtúnṣe. (Nítorí náà, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tàbí sínú mọ́tò láì bo ojú rẹ̀, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.) Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì rẹ̀ lójú yín. Ẹ má san owó lé e nítorí pé tiwọn jẹ́ 256 GB. Orí kọ̀ǹpútà ni eré bàálù wà, 128 GB tó. Lẹ́yìn náà, ẹ sún lẹ́ǹsì sí ibi tó bá ojú yín mu: ipò mẹ́ta ló ní, 58, 63 àti 68 mílímítà. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ó ń ṣe bàìbàì, ipò yìí ni wọn ò tò. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ni kí ẹ fi nu eruku ọyẹ́ kúrò, kì í ṣe ọtí spirit.

Wáyà tó bá inú páálí rẹ̀ wá, ti gbígba iná ni, kò lè gbé àwòrán dáadáa. USB 3 ni ẹ nílò. Áàpù Meta tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní ibi tí a ti ń dán wáyà wò. Tí ó bá fi ju 2 Gbps hàn yín, ó pé. Nínú áàpù yìí kan náà, ẹ fi Meta ṣe OpenXR (afárá tó wà láàárín eré àti gíláàsì) tí ẹ ń lò, kí SteamVR, tó jẹ́ irú afárá mìíràn, má bàa dá sí i. Tí ẹ bá gba SteamVR kọjá, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti máa ń sọ àwòrán di ńlá: nínú áàpù Meta, nínú SteamVR àti nínú eré fúnra rẹ̀. Wọ́n á máa fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, káàdì gíráfíìkì á sì dákú.

Ọ̀rọ̀ férémù, ìyẹn àwọn àwòrán tó ń tẹ̀léra wọn lójú sikirini, ló wá kù, òun gan-an ló sì ń fa òòyì. Ẹ fi gíláàsì sí 72 Hz (ìgbà 72 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ẹ má fi sí 90. Ní 72, férémù kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 13.9 mílísẹ́kọ́ńdù, káàdì gíráfíìkì RTX 3060 kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí. Ẹ ṣí Oculus Debug Tool tó bá áàpù Meta wá, kí ẹ yan èyí tí wọ́n kọ 45fps sí tí ASW rẹ̀ wà ní títàn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: tí gíláàsì bá wà ní 72, ìdajì rẹ̀ ló ń dè é mọ́, ìyẹn 36, ASW á sì máa ya férémù kejì fúnra rẹ̀. Férémù 36 tó dúró ṣinṣin sàn ju 50 tó ń já sí 33 tó tún ń padà lọ. Owó tí ẹ óò san fún un ni pé etí ìyẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ iwájú (propeller) á máa gbọ̀n bí omi. Ojú á mọ́ ọn lára. Bitrate (iye dátà àwòrán tó ń gba inú wáyà) ni kí ẹ fi sí 350 Mbps.

Nínú eré, ẹ tan ipò Developers kí ẹ rí férémù lójú sikirini kọ̀ǹpútà. Tí ó bá kọ MainThread (iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún CPU), ẹ dín Terrain Level of Detail (bí ilẹ̀ ṣe ń hàn kedere tó) kù. Tí ó bá kọ GPU (káàdì gíráfíìkì), ẹ dín ìkùukùu àti Render Scaling (ìwọ̀n àwòrán) kù. Ẹni tó bá dín ìkùukùu kù nígbà tó jẹ́ MainThread ló ń pariwo, iṣẹ́ asán ló ń ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: TAA (èyí tó ń mú etí àwòrán dán) pẹ̀lú Render Scaling 80, Terrain 100, ìkùukùu Medium, Ambient Occlusion àti Reflections ní pípa. Tí laptop yín bá jẹ́ 3060 tó ní 6 GB, Texture ò gbọdọ̀ kọjá Medium. DLSS, tó ń ya àwòrán kékeré tó sì ń sọ ọ́ di ńlá, máa ń mú un yára, àmọ́ nọ́ńbà tó ń yí lórí G1000 (sikirini inú bàálù) á máa fa ìrù, èmi ò sì fọwọ́ sí i: aago ìyára àti aago gíga ni awakọ̀ ń wò, ìkùukùu ò sọ nǹkan kan fún un.

Ẹ má ṣe ìdánwò yìí ní Ìlọrin nìkan. DNIL, pápákọ̀ òfurufú rẹ̀, fúyẹ́, tí ẹ bá gbéra lórí ọ̀nà ìsáré 05, tí ẹ yí sí ọ̀nà Ọ̀fà ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere, ẹ ó rò pé ẹ ti ṣe tán. Ẹ lọ balẹ̀ sí DNMM, pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed l'Ékòó. Ibẹ̀ ni Terrain 100 yóò ti di 60.

Ẹ̀yìn gíláàsì ni jọ́ìsítíìkì, níbi tí Thrustmaster T.16000M ti ju àwọn olówó pọ́ọ́kú lọ, torí pé mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń mọ ibi tí ọwọ́ wà, kì í jẹ dànù kíákíá. Yíyí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì fún rudder (ìrù tó ń yí imú bàálù sọ́tùn-ún tàbí sósì) kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fún un ní dead zone (àyè àárín tí kì í gbọ́ ọwọ́) 8%. Ti iwájú àti ẹ̀gbẹ́, 3% tó. Sensitivity kí ó jẹ́ -35% ní ìhà méjèèjì, nítorí jọ́ìsítíìkì kúrú ju ọwọ́ bàálù gidi lọ: bí ẹ kàn fọwọ́ kàn án báyìí, imú bàálù á ti gbéra sókè. Hat, bọ́tìnnì kékeré tó wà lórí rẹ̀, ibi ìwòran ni eré máa ń fi sí. Orí yín ló ń wòran báyìí, ẹ gbà á, kí ẹ fi ṣe trim (èyí tó ń mú imú bàálù dúró lójú kan). Ẹ fi bọ́tìnnì kan sí títún ibi ìjókòó ṣe, kí ẹ má baà máa fọwọ́ wá kíbọ́ọ̀dù nínú òkùnkùn.

Tí bàálù bá ń fà sósì nígbà tó ń sáré gbéra, ẹ wo joy.cpl (ibi ìdánwò jọ́ìsítíìkì) lórí Windows kí ẹ tó bú jọ́ìsítíìkì. Bí àmì bá wà láàárín gbọngbọn, abẹ̀bẹ̀ iwájú ló ń fà á. Ẹ tẹ rudder ọ̀tún.

Ti dátà: inú íntánẹ́ẹ̀tì ni eré yìí ti ń fa ilẹ̀ wá bí ẹ ṣe ń fò. Èyí tó jáde ní 2020 ní Manual Cache (ibi tí a ti ń kó ilẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà); ẹ fi àdúgbò Ìlọrin sí Òmù-Àrán sínú rẹ̀ ní òru tí dátà bá rọjú. Ẹni tí dátà rẹ̀ kéré gan-an, X-Plane 12, eré bàálù mìíràn, ni kó rà, orí kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ tirẹ̀ máa ń wà. Iná ńkọ́? Tí iná bá lọ tí laptop bọ́ sórí bátìrì, káàdì gíráfíìkì á fà sẹ́yìn, férémù á ṣubú lójú ẹsẹ̀. Orí inverter ni kí cháájà laptop wà kí ẹ tó gbé gíláàsì wọ̀. Fìlà ò ṣeé dé lé e, ẹ gbé e sílẹ̀ ná.