Gbọ̀ngàn ìnáwó tí a lò fún ọgọ́rin ọdún Màmá wa l'Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá fẹ́ náwó l'Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn èèyàn yín máa ti òkè òkun wá, tí àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ nínú àwọn tí ẹ fẹ́ pè, ọkàn yín lè balẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Gbọ̀ngàn wọn àti ilé àlejò wọn wà nínú ọgbà kan náà, kò sì jìnnà sí ọ̀nà Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó bi mí, màá júwe rẹ̀ fún un. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí torí mo ní ẹ̀sùn tí mo máa kà sí wọn lẹ́sẹ̀, mo sì ti kà á fún máníjà wọn lójúkojú.

Oṣù Kẹsàn-án 2021 la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí a máa lò. Òfin àrùn Kòrónà (COVID-19) tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún yẹn ṣì wà nílẹ̀: èèyàn kò gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú gbọ̀ngàn, àfi ilé ìjọsìn tí wọ́n ní kó gba ìlàjì iye tó lè gbà. Ìbòmú di dandan, omi àti ọṣẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì wo bí ara oníkálukú ṣe gbóná sí. Gbogbo wa la mọ bí ìnáwó ṣe ń rí nílẹ̀ wa. Ẹni àádọ́ta kò kárí ẹbí ìyá nìkan. Ọ̀pọ̀ ibi tí mo dé, l'Ọ̀yọ́ àti l'Ògbómọ̀ṣọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi: "Ẹ pe iye tó bá wù yín, kò sẹ́ni tó máa wá ka orí." Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tó ń lé àlejò sá gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní 2020 kò ṣeé fẹnu sọ tán. Nígbà tí mo pè é nípa ọjọ́ ìbí Màmá, kò bèèrè oúnjẹ, kò bèèrè aṣọ ẹbí. Ó ní, "Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà?" Kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀rù fún. Inú bàálù tí èèyàn kún fọ́fọ́ ló ti máa sọ̀ kalẹ̀, Màmá á sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Màmá nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tí kò tíì lé ní àádọ́rin ọdún nínú wọn. Ó ní bí òun ò bá rí ìdáhùn gidi, òun ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyá tó ń ṣe máníjà gbọ̀ngàn yìí ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn bí ẹni tó ti rò ó. Ó mú wa yí ọgbà ká. Irinwó èèyàn ni ibẹ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò ní gbà ju àádọ́ta lọ nínú ilé níwọ̀n ìgbà tí òfin bá wà, àwọn yòókù á wà lábẹ́ kánópì nínú ọgbà, káàdì tí a bá sì fi pe èèyàn ló máa sọ ibi tó máa jókòó. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìwé àdéhùn hàn wá. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé iṣẹ́ wọn yé wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìjọba wa, tàbí ti ìlú tí àlejò wa ti ń bọ̀, bá ti ọ̀nà pa, a lè sún ọjọ́ síwájú láìsan kọ́bọ̀. Bí a kò bá sì lè ṣe é mọ́, wọ́n á dá owó wa padà, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí London lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá la mú. Ó ku díẹ̀ kó pé ni Omicron, ẹ̀yà Kòrónà tuntun, dé. NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, kéde ní ọjọ́ kìíní oṣù yẹn pé wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di ọjọ́ 6, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi wá sínú àtòkọ pupa wọn. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa padà sọ́dọ̀ wọn máa fi ọjọ́ mẹ́wàá gbáko há mọ́ òtẹ́ẹ̀lì, £2,285 sì ni ẹni kan máa san. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n ní apá àwọn ò ká a. Ní ọjọ́ 12, Ṣọ̀ún wa, Ọba Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta, wàjà, gbogbo ìlú bọ́ sínú ọ̀fọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ Nàìjíríà kúrò nínú àtòkọ náà ní ọjọ́ 15, a ti sún ìnáwó sí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2022.

Máníjà ò janpata. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà lé ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kọ tuntun, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí èmi náà fọwọ́ sí i. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi tan jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n gan-an kí oṣù Kẹrin tó dé, síbẹ̀ kò fi nǹkan kan lé owó tí a jọ sọ. Alásè àti oníkámẹ́rà tí a gbà níta kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa; wọ́n jẹ nínú owó àsansílẹ̀ wa.

Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé kò nílò àyẹ̀wò Kòrónà tí wọ́n ń pè ní PCR mọ́ kó tó wọ bàálù wá, kò sì nílò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá dé. Wọ́n dẹ òfin ìkórajọ náà. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń yin gbọ̀ngàn yìí nìyí: nígbà tí a sọ pé a ṣì fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn àgbàlagbà wa, wọn ò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò sì sọ pé òfin ti kúrò nílẹ̀. A fi kún iye àwọn tó máa wọlé, a sì jọ gbà láti fi èèyàn mẹ́fà sí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó sun, tí ọwọ́ ò fi ní kan nǹkan kan. Olóyè kan nínú ẹbí bàbá wa dé pẹ̀lú agbádá ńlá àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n rí káàdì yín."

"Káàdì kẹ̀? Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa sà. Àga yín ń dúró dè yín nínú ilé. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n tó tẹ̀ lé yín ló wà lábẹ́ kánópì, oúnjẹ kan náà la máa gbé fún wọn."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi na ẹ̀rọ tó ń wo ooru ara sókè. Olóyè wò ó títí, ó wá tẹ̀ba díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó iwájú orí òun. Ó fọ ọwọ́, ó gba ìbòmú, ó wọlé, kò sì bínú títí ayẹyẹ fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi wà lójú fèrèsé nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó jókòó tó fẹ̀yìn ti àga.

Nínú ilé, fèrèsé wà ní ṣíṣí lápá méjèèjì, wọ́n pa éésì, fáànù ló ń fẹ́. Ooru oṣù Kẹrin mú, àwọn obìnrin kan sì kùn pé gèlè ti ń rọ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá síbẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ló ń gbé àrùn yẹn kúrò nínú ilé, éésì tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ kàn ń yí i po láàárín yín ni. Owó lílẹ̀ mọ́ orí ni mo rò pé ó máa dá wàhálà sílẹ̀, torí ta ló máa ní kí Yorùbá má fi owó yẹ́ ìyá ọlọ́jọ́ ìbí sí? Wọ́n gbé igbá fínfín ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń fín l'Ọ̀yọ́, síwájú Màmá. Alága ìjókòó ń pe tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jó dé iwájú, wọ́n á ju owó sínú igbá, wọ́n á jó padà. Onídùndún wà níta lẹ́yìn fèrèsé, ibẹ̀ ló ti ń ki wọ́n ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Màmá jó ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀sùn mi wá nìyí o. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà lọ jẹun, kò sẹ́ni tó dúró dípò rẹ̀. Kó tó padà dé, àwọn mo-gbọ́-mo-yà ti kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kò sì sẹ́ni tó lè lé wọn mọ́ láìjà. Ẹ̀gbọ́n mi mú Màmá jáde sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni wọ́n ti parí fọ́tò. Inú bí mi gan-an, torí wọ́n ti ṣe é dáadáa láti àárọ̀. Gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ìyá tí à ń dáàbò bò, Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ń kà láràárọ̀. Ta ló máa ka ti ògiri fún wọn? Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà tán nírọ̀lẹ́.

Ilé àlejò wọn mọ́, nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ àárọ̀ wọn dùn. Ẹ má gba yàrá ẹ̀yìn, jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Ní ti ìrìn-àjò, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sọ di alábala méjì láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì parí ní 2022 tí a ṣe ìnáwó, tírélà ló sì kún èyí tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Bàálù ni ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ wọ̀ láti Èkó sí Ìlọrin. Awakọ̀ gbọ̀ngàn lọ gbé wọn níbẹ̀, ó wọ ìbòmú, ó ṣí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dé láìsí ìyọnu kankan. Owó rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ san án.

A ti fún wọn ní owó àsansílẹ̀ fún ìgbéyàwó àbúrò wa obìnrin. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn tuntun pé èèyàn méjì ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà títí wọn á fi kó àga, máníjà sì ti fọwọ́ sí i.