Ìhà, ìbàdí àbí èjìká: èwo ni kí ẹ rà fún iná èédú?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yan ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn nílé, ọjà ni wọ́n ti ń ṣì í ṣe, kì í ṣe ìdí iná. Oríṣi mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí àtẹ alápatà. Wọ́n jọra lójú, àmọ́ bí iná ṣe ń ṣe wọ́n yàtọ̀ síra.

Ti ìhà

Eegun rẹ̀ tó gùn bí ọwọ́ ṣíbí lẹ ó fi dá a mọ̀. Ẹran orí rẹ̀ kò ju òkèlè méjì-mẹ́ta lọ, àmọ́ ó rọ̀, ọ̀rá sì wọ inú rẹ̀. Òun ló wọ́n jù. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Iyọ̀ àti iná tó gbóná dáadáa ti tó o: ìṣẹ́jú 3 sí 4 lójú kọ̀ọ̀kan, ó ti jinná.

Bó ṣe nípọn sí ni kí ẹ fojú sí. Mo ti ra èyí tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rí, inú mi ń dùn pé mo rí púpọ̀ gbà. Kí ojú rẹ̀ tó pọ́n, inú rẹ̀ ti gbẹ bí pákó. Ẹ ní kí alápatà gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló kù, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú ti ìbàdí.

Ti ìbàdí

Eegun rẹ̀ rí bí lẹ́tà T, ẹran wà lọ́tùn-ún, ẹran wà lósì. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín sí ti ìhà, bẹ́ẹ̀ ẹran ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ìhà lọ. Èmi, òun ni mo máa ń rà.

Ọ̀rá kan wà létí rẹ̀, ó yí i ká bí ìṣẹ́tí aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ fi ọ̀bẹ là á díẹ̀díẹ̀ níbi mẹ́ta, kí ẹran má baà ká kò lórí iná. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú gbé e nàró lórí ọ̀rá yẹn fún bí ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ẹ ó gbọ́ tó ń ta ṣàà, etí rẹ̀ á wá pọ́n.

Ti èjìká

Òun ló dínwó jù, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Àmọ́ iṣan pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi iná líle lé e bí ti ìhà, á máa fà bí rọ́bà. Ẹ kó èédú sí apá kan ààrò, ẹ pa ojú ẹran pọ́n níbẹ̀, kí ẹ sún un sí apá tí kò sí iná, kí ẹ sì dé e títí á fi rọ̀. Ẹni tí ààrò rẹ̀ kò bá ní ọmọrí, kó má rà á.

Èédú ńkọ́?

Èédú igi tètè ń mú, ooru rẹ̀ le, eérú rẹ̀ kéré, àmọ́ kì í pẹ́. Èédú ṣíṣù, ìyẹn ìyẹ̀fun èédú tí wọ́n fi sítáàṣì lẹ̀ pọ̀, dọ́gba, iná rẹ̀ ń pẹ́, eérú rẹ̀ sì pọ̀. Ìhà àti ìbàdí, ẹ fi ti igi yan án. Èjìká, ẹ lo ṣíṣù. Èyí tí wọ́n ti rẹ sínú epo kó lè tètè ràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á: ọ̀rá àgùntàn kì í jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ fọwọ́ tẹ àpò náà wò kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lẹ kàn nísàlẹ̀, ẹ gbé òmíràn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ìta ni kí ẹ ti dá a. Èédú máa ń tú èéfín olóró tí kò lóòórùn jáde.

Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra tẹmomítà ẹran. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ní kí inú ẹran dé 63°C, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti ki tẹmomítà bọ inú ẹran, kí ẹnu rẹ̀ má kan eegun.